Etí Méjì, Ọwọ́ Méjì, Ẹsẹ̀ Méjì

7 Oṣù Kẹsàn-án 2024, Sátidé. Àkúrẹ́

Mo ti wọ ẹgbẹ́. Precious ló fà mí wọ̀ ọ́, Precious tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ya ìgbéyàwó kan ní Ọ̀wọ̀ lọ́dún tó kọjá, tó jókòó sí Bìní báyìí. Orí Wásáàpù ni ẹgbẹ́ náà wà, Ojú-Ìmọ́lẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń ya fọ́tò láti Èkó, Àbújá, Kàdúná, títí dé ìlú òyìnbó ló kún ibẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olúkúlùkù á fi fọ́tò kan ṣoṣo ránṣẹ́, àwọn yòókù á sì sọ ohun tí wọ́n rí sí i láìfepo bọyọ̀. Kí ọdún tó parí, wọ́n á ti yan ogún fọ́tò, wọ́n á tẹ̀ wọ́n ní gàgàrà, wọ́n á gbé wọn kọ́ sí gbọ̀ngàn kan ní Àbújá fún gbogbo ayé láti wò.

Mo fẹ́ kí tèmi wà lára ogún yẹn. Kò sí ohun tí mo ń fi pamọ́ níbẹ̀.

Precious ní kí n múra ọkàn mi sílẹ̀, pé òun sunkún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo sọ fún un pé èmi kì í sunkún nítorí ẹni tí n kò rí ojú rẹ̀ rí.

9 Oṣù Kẹsàn-án, Mọ́ńdè

Ìyàwó tí mo yà ní Sátidé ni mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ya mí lẹ́nu. Ọ̀gá Akíntóyè, tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kọ ọ́ pé fláàṣì mi ti fọ ojú ìyàwó náà funfun bí àwo tánganran, pé kò sí ènìyàn níbẹ̀ mọ́, aṣọ àti àtíkè ló kù. Ẹlòmíràn bi mí bóyá ògiri ni mo fẹ́ yà tí ìyàwó kàn dí mi lójú.

Mo ti ń jẹun lórí iṣẹ́ yìí kí àwọn kan nínú wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan kámẹ́rà. Mo gbé fọ́tò náà fún Bàbá Ìbùkún pé kó wò ó kó sọ òótọ́. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní irọ́ kọ́ ni wọ́n kúkú pa. Ẹ̀wà àná ni mo gbé fún un lóúnjẹ alẹ́.

14 Oṣù Kẹsàn-án, Sátidé

Mo jáde ní ìdájí lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Owó ọkọ̀ ti tún lé, nígbà tí mo sì bi awakọ̀ léèrè, ó ní kí n lọ bá àwọn tó ń ta bẹntiróòlù jà. Mo fi fláàṣì sílẹ̀ nílé kí ọwọ́ mi má baà yá sí i. Obìnrin kan ń to iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rọra ń gun apá rẹ̀ bọ̀. Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ ra iṣu ni àbí mo fẹ́ máa wo iṣu. Mo ra méjì kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, mo wá dúró títí ó fi gbàgbé mi.

Ọ̀gá Akíntóyè kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú: "Ó ti ń ríran báyìí." Inú mi dùn débi pé mo bínú sí ara mi.

18 Oṣù Kẹsàn-án, Wẹ́sìdeè

Òjò. Iná ò tíì dé láti Mọ́ńdè. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbé bátìrì kámẹ́rà lọ kí n lè rí iná fi sí i. Àlùfáà bi mí bóyá ìsìn ni mo wá ṣe.

29 Oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́ Àìkú. Oǹdó

Mo sùn sọ́dọ̀ Màmá Agnes ní Òkèlísà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì, òun náà sì ni ọ̀gá ilé ìwé tí mo lọ, tó fi jẹ́ pé ilé kan náà ni pàṣán àti oúnjẹ ti ń wá.

Ìṣó méjì ṣì wà lára ògiri pálọ̀. Fọ́tò Bàbá, ọkọ rẹ̀, ló wà lápá ọ̀tún: ó jókòó, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, bàtà méjèèjì ń dán. Ìṣó tó wà lápá òsì ti dípẹtà láti ìgbà tí wọ́n ti sin Bàbá, nítorí pé kò tíì sí ẹni tó ya Màmá tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbogbo àwọn tó wá ló gé e níbì kan. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, láti kékeré ni mo sì ti mọ̀ ọ́n: etí méjì, ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì. Ó ní ẹni tí a bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò, báwo ló ṣe fẹ́ dúró nínú ilé rẹ̀?

Ó máa pé ọgọ́rin ọdún ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá. Ó fẹ́ kí fọ́tò òun wà lórí ìṣó yẹn kí ọjọ́ náà tó pé, ó sì ní èmi ni òun fẹ́ kó ya òun. Kì í ṣe pé ó bẹ̀ mí, ó yàn mí ni. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti tú gèlè, ewúrẹ́ aládùúgbò wá yọ́ gbé èèpo lára aṣọ rẹ̀. Ẹ̀rín pa á. Mo ti tẹ kámẹ́rà kí n tó mọ̀. Ó na ìka sí mi, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí ò gbọdọ̀ jáde o." Mo ní rárá, Màmá.

6 Oṣù Kẹwàá, Ọjọ́ Àìkú. Àkúrẹ́

Mo fi fọ́tò ẹ̀rín Màmá han ẹgbẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ìwọ̀nba àwọn àjèjì ni, kò sí ará Oǹdó níbẹ̀.

Wọn ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé ta ni màmá yìí. Ọ̀gá Akíntóyè ní kí n sún mọ́ ọn sí i, kí n gé àwo ẹ̀gúsí dànù, kí n gé ọwọ́ dànù, kí n jẹ́ kí ojú nìkan kún fọ́tò, kí n sì yọ àwọ̀ kúrò kó di dúdú àti funfun, nítorí pé ariwo lásán ni àwọ̀. Mo ṣe é bó ṣe wí. Ó dára lóòótọ́. Gbogbo ìlà ojú Màmá ló hàn, ẹ̀rín náà sì wà ní gbogbo wọn.

9 Oṣù Kẹwàá, Wẹ́sìdeè

Bẹntiróòlù ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ẹ gbọ́ o, mi ò bìkítà lónìí. Fọ́tò Màmá ti wọ inú ogún! Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú, láìsí ẹni tó jiyàn. Mo jó yí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ká.

Mo gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù mi kí àwọn oníbàárà lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá ná owó. N kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i ju "Màmá Agnes" lọ.

10 Oṣù Kẹwàá, Tọ́sìdeè

Ọlọ́run mi.

Ìpè ló jí mi. Ìyá kan láti Oǹdó ló ń sunkún pé ẹ kú aráfẹ́rakù, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Kí n tó dáhùn, ẹlòmíràn ti ń pè. Ojú àgbàlagbà ní dúdú àti funfun, orúkọ nìkan lábẹ́ rẹ̀, lórí fóònù ọmọ tó tọ́. Kí ni mo rò pé ènìyàn máa kà sí i? Èmi tí mò ń ṣe fọ́tò pósítà òkú jẹun, n kò rí i! Àwọn àjèjì tó ní kí n yọ àwọ̀ kò mọ ohun tó túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa. Èmi mọ̀, mo sì yọ ọ́.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Màmá ti ṣáájú mi débẹ̀. Wọ́n wọlé pẹ̀lú ẹkún, wọ́n bá a níbi tó ti ń jẹ ògì. Ó dìde, ó bi wọ́n pé ta ló kú.

11 Oṣù Kẹwàá, Fúráídè. Oǹdó

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Màmá kò pariwo. Èdè Oǹdó ló fi kí mi káàbọ̀, mo sì ti mọ̀ nígbà náà pé mo gbé, torí pé Yorùbá ìwé ló máa ń bá wa sọ tí inú rẹ̀ bá dùn. Ó ní kí n gbé fọ́tò náà wá. Ó fi dígí ojú rẹ̀ wò ó dáadáa, ó wá yí ọ̀rọ̀ padà sí ti ìwé, bí ẹni tó fẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mo ní kó má jáde, o sì gbà. O wá kéde mi. Etí mi kan dà? Ọwọ́ mi dà? Ẹsẹ̀ mi ńkọ́? O gé mi, o gé mi, ó wá ku ojú tó ń rẹ́rìn-ín láìwé gèlè. Ṣé ohun tó kù nínú mi lójú tìrẹ nìyí?"

Mo ní rárá, Màmá.

Ó ní òun ti gbọ́ "rárá, Màmá" lẹ́nu mi rí. Ó ní kí n máa lọ, òun máa pe Ọlátúnjí, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Yaba ti Oǹdó. Ọlátúnjí! Ẹni tó jẹ́ pé orí ènìyàn nìkan ló ń yà, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn agbádá tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó ti yà ní Oǹdó ló ní ikùn kan náà.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ dé Àkúrẹ́. Ojú tí mo rí ni mo sunkún fún.

13 Oṣù Kẹwàá, Ọjọ́ Àìkú. Àkúrẹ́

Mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yọ fọ́tò náà kúrò nínú ogún. Mo sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá Akíntóyè fi ohùn ránṣẹ́, ohùn jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín, kì í ṣe ẹni tí a yà. Ó ní tí mo bá yọ ọ́, òun kò lè ṣèlérí pé àyè máa tún ṣí fún mi. Ẹlòmíràn ní ìdí nìyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìgbèríko kò fi lè gòkè.

Mo fèsì: "Ẹ̀yin lẹ ni gbọ̀ngàn. Màmá ló ni ojú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́." Wọ́n yọ ọ́.

Bàbá Ìbùkún ní kí n kúkú jáde nínú ẹgbẹ́ náà kí n sinmi. Èmi kẹ̀? N kò ní jáde. Wọ́n kọ́ mi ní ìmọ́lẹ̀, mo ṣì ní púpọ̀ láti kọ́, mo sì máa kọ́ ọ lójú wọn.

20 Oṣù Kẹwàá, Ọjọ́ Àìkú

Àgbẹ̀ kan ní Ìlú-Àbò ni mo fi ránṣẹ́. Ó dúró gbọnrangandan, ó wo iwájú, bàtà oko rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ tẹrẹ̀tẹrẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá fọ́tò ìwé ìrìnnà ló wá yà. Mo ní ìwé ìrìnnà kì í ní ẹsẹ̀.

Precious pè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ìdúró náà kò burú, òjìji abẹ́ fìlà ló pa ojú ọkùnrin náà. Ó ní kí n wá nǹkan funfun kan tẹ́ síwájú ẹni tí mò ń yà, kó lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn.

2 Oṣù Kọkànlá, Sátidé

Mo lọ sí ìlú Bọ́lọ́rundúró. Ọ̀nà burú débi pé ọlọ́kadà ní kí n sọ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn níbi mẹ́ta. Mo ní kí bàbá oníkòkó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo tẹ́ aṣọ ibùsùn funfun sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ojú bàbá là bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Gbogbo ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo wò ó, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ti tẹ ohun tí mò ń wá.

Àwọn ẹgbẹ́ ní ìmọ́lẹ̀ yìí dára púpọ̀, ìjókòó yìí le jù. Ẹ dúró dè mí.

16 Oṣù Kọkànlá, Sátidé

Ọjọ́ ìdìbò, kò sí ìrìn. Mo fi Ìbùkún àti àbúrò rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn títí wọ́n fi ní ebi ń pa àwọn.

24 Oṣù Kọkànlá, Ọjọ́ Àìkú

Màmá pè. Láti oṣù tó kọjá, ìpè àkọ́kọ́ nìyí. Kò kí mi. Ó ní Ọlátúnjí ti gbé fọ́tò dé: ó wọ òun ní léèsì tí òun kò ní, ó fi òun sórí àga ọba, ó sì fún òun ní ẹsẹ̀ ọmọge kan nínú bàtà gogoro.

"Bísọ́dún, ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Wá ní Sátidé. Gbé kámẹ́rà, má gbé ìgbéraga."

30 Oṣù Kọkànlá, Sátidé. Oǹdó

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, oòrùn rọ̀. Màmá ti múra kí n tó dé: ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé tó fi ṣe ìfẹ̀yìntì, gèlè tí etí méjèèjì yọ lábẹ́ rẹ̀, bàtà dúdú tó fi ń rìn wọ kíláàsì wa nígbà tí gbogbo wa á dákẹ́ wẹ́lo. Ó ti fi òróró pa bàtà náà.

Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo ṣílẹ̀kùn gbayawu, mo wá ń tú aṣọ ibùsùn funfun. Ó dìde. Ó ní, "O kéde mi tán, o wá tún ru aṣọ funfun wọlé tọ̀ mí wá?" Ojú tì mí, ẹ̀rín tún ń gbọ̀n mí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Mo ká a pa mọ́ kíá. Páànù tuntun kan wà lẹ́yìn ilé, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n tún òrùlé ṣe. Mo gbé e sílẹ̀ ní gbalaja, ìmọ́lẹ̀ ta kúrò lára rẹ̀ lọ bá ojú Màmá. Ó dára ju aṣọ lọ.

Ó jókòó. Ọwọ́ lórí orúnkún. N kò ní kó rẹ́rìn-ín, n kò ní kó má rẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà, ẹgbẹ́ ló kọ́ mi: kí n dúró. Mo dúró títí tí ohun tó ń bínú sí fi kúrò lójú rẹ̀. Ó gba ẹnu ilẹ̀kùn wo inú pálọ̀, níbi tí Bàbá wà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá yíjú padà sí mi bí ẹni tó ti jíròrò tán. Ìgbà náà ni mo tẹ̀ ẹ́.

Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá mo lè fi èyí han àwọn ẹgbẹ́ mi. Ó ní ó dára tí mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ó ní kí n fi hàn wọ́n, kí wọ́n rí ẹsẹ̀.

1 Oṣù Kejìlá, Ọjọ́ Àìkú. Àkúrẹ́

Mo fi ránṣẹ́. Àwọ̀ ewé, bàtà dúdú, gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń bi mí níbo ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti wá, irú ẹ̀rọ wo ni mo lò. Mo ní páànù. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ọ̀gá Akíntóyè ní òun kò rí irú ojú yẹn rí lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìjókòó náà ti àtijọ́ ni, kò lè wọ inú ogún. Ó ní, "Fọ́tò pálọ̀ nìyí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Pálọ̀ la máa gbé e kọ́ sí."

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ Àbújá yẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n tún gé e kí n lè débẹ̀, n kò ní gé e.

5 Oṣù Kejìlá, Tọ́sìdeè

Obìnrin kan láti Kàdúná, tí kò bá mi sọ̀rọ̀ rí, fi fọ́tò bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́. Bàbá náà jókòó, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú sálúbàtà. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé Bísọ́dún ará Àkúrẹ́ ló ṣí òun lójú. Mo kà á lákàtúnkà.

22 Oṣù Kejìlá, Ọjọ́ Àìkú. Oǹdó

Ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì parí, gbogbo ènìyàn ya wá sílé. Bàbá Ìbùkún yọ ìṣó tó dípẹtà, ó kan tuntun, a gbé Màmá kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn ìyá tó wá sunkún lóṣù Kẹwàá wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ ìrẹsì, wọn ò jẹ́ kí ojú wọn bá ojú mi.

Màmá wọ dígí ojú rẹ̀, ó súnmọ́ ògiri, ó na ìka bíi pé ó ń ṣe àmì sínú ìwé àwa ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Etí. Ọwọ́. Ó tẹ̀ba, ó wo bàtà nínú fọ́tò, ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo mi ló wà níbẹ̀."

Mo rò pé ó ti parí. Ó yíjú sí mi lójú gbogbo wọn, ó ní kí n mú fóònù mi jáde. "Gbé e síbi tí o gbé ti ìjọ́sí sí. Kọ ọ́ sí i pé mo wà láàyè."

Mo gbé e sí sítétọ́ọ̀sì, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Màmá Agnes wà láàyè.* Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ní kí n fi àmì ohùn sórí "láàyè" dáadáa. Lẹ́yìn náà ló jókòó sábẹ́ fọ́tò náà, ọwọ́ lórí orúnkún, ó ní kí wọ́n bu ìrẹsì fún òun.